Òwú Inú Ìdodo

Kò sí ẹni tó mọ ìdodo àwọn ọkùnrin Fìdítì tó èmi Sìrájù. Iṣẹ́ mi kọ́ ni o, àgbẹ̀ ọlọ́sàn ni mí. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí bàbá mi ti kú ni Lèmọ́mù ti ní èmi ni kí n máa wẹ òkú ọkùnrin ní mọ́ṣáláṣí àdúgbò wa, ẹnikẹ́ni kò sì tíì gbà á lọ́wọ́ mi, nítorí kò sí ẹni tó ń du irú oyè bẹ́ẹ̀. Tí a bá gbé òkú sórí pákó, a ó fi aṣọ bò ó láti ìdodo dé orúnkún, torí òkú náà ní ìtìjú. Abẹ́ aṣọ yẹn ni ọwọ́ mi ń gbà ṣiṣẹ́. N óò fọ ojú, n óò fọ etí, n óò sì fi òwú tútù nu inú ìdodo. Ibẹ̀ yẹn ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti gbàgbé láti ìgbà tí ìyá wọn ti wẹ̀ wọ́n kẹ́yìn.

Iṣẹ́ náà ní òfin kan. Ohun tí o bá rí lára òkú, ibẹ̀ ni kí o fi í sí. O kò gbọdọ̀ jókòó sí abẹ́ igi ọsàn kí o máa sọ pé lágbájá ní egbò níbi báyìí. Mo pa òfin yìí mọ́. Ìyàwó mi lè fa ọ̀rọ̀ yọ lẹ́nu odi, ṣùgbọ́n kò rí tèmi fà yọ rí. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo gbé ohun tí mo rí lára òkú jáde síta, bí wọ́n bá sì ní kí n tún un ṣe lónìí, n óò tún un ṣe.

Ṣàmsúdéènì ni òkú náà. Ọ̀rẹ́ mi ni. Oko ọsàn wa pààlà lọ́nà Akínmọ́rìn, ọsàn tirẹ̀ dùn ju tèmi lọ, kò sì jẹ́ kí n gbàgbé. Bàbá tó bí i, Ṣàngódèyí, oníṣàngó pọ́ńbélé ni, aṣọ pupa ló ń wọ̀ títí ó fi kú. Ṣàmsúdéènì gba ìmàle ní kékeré, ó sì gbà á bí ẹni tí wọ́n ń lé bọ̀ lẹ́yìn. Láti ìgbà náà, aṣọ pupa kò wọ ilé rẹ̀ mọ́. Bí Àlàkẹ́ ìyàwó rẹ̀ bá ra ìró tí pupa wà létí rẹ̀ pẹ́nrẹ́n, yóò ní kó lọ fi tọrẹ. Ọmọ kan ṣoṣo ni Ọlọ́run fún wọn, ìyẹn Anwar. Ọsàn ló rán Anwar dé yunifásítì, ó sì di tíṣà sáyẹ́ǹsì nílé ẹ̀kọ́ girama kan ní Ìlọrà. Láràárọ̀ ló ń wọ mọ́tò lọ, tó sì ń padà sùn nílé bàbá rẹ̀.

Ní ọdún tó ṣáájú ọdún tí wọ́n fagi lé ìbò, Anwar wá bá mi lóko lọ́jọ́ Sátidé kan. Ó mú ìgò abẹ́rẹ́ kékeré kan lọ́wọ́, irú èyí tí àwọn nọ́ọ̀sì ń jù nù. Ó dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Bàbá, ẹ má bínú o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ká bùbá yín sókè."

Mo ní, "Kí ni mo bá ọ jẹ?"

"Ìdodo yín ni mo fẹ́ wò, sà."

Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ pa mí, mo bá ká bùbá sókè. Ó fi igi tín-ín-rín kan yọ nǹkan jáde níbẹ̀, ó gbé e sí àtẹ́lẹwọ́, ó sì ń wò ó bí ẹni tó rí góòlù. "Ẹ wò ó, Bàbá. Aṣọ aláró lẹ wọ̀, òwú aláró ló sì wà nínú ìdodo yín. Ìdọ̀tí lásán kọ́. Irun ikùn ló ń ha aṣọ díẹ̀díẹ̀, tó ń ti òwú rẹ̀ lọ sí àárín, bí èèrà ṣe ń ru oúnjẹ wọ ihò. Ìdí nìyẹn tí kì í fi í pọ̀ lára obìnrin àti ọmọdé. Aṣọ tó bá kan ara gan-an ni àwọ̀ rẹ̀ ń hàn níbẹ̀. Aṣọ tuntun ló ń já òwú jù. Tó bá gbó tán, kò ní ohun tí yóò fi sílẹ̀ mọ́."

"Kí lo fẹ́ fi í ṣe?"

"Mo kàn fẹ́ mọ̀ ni, sà."

Mo kàn fẹ́ mọ̀ ni. Ọ̀rọ̀ yẹn kò ṣe é sọ láàárín àwọn ènìyàn wa. Bí o bá ní o fẹ́ tà á, wọn yóò yé ọ. Bí o bá ní o fẹ́ jẹ ẹ́, wọn yóò yé ọ. Ṣùgbọ́n Anwar kò mọ̀. Ó gba ti alágbẹ̀dẹ, ó gba ti oníṣọ́ọ̀bù, ó gba ti Àbọ̀dé ọlọ́kadà tó ń ná Akínmọ́rìn. Ó ń sọ fún wọn pé àwọn kòkòrò tí ojú kò lè rí ń gbé inú ìdodo, àti pé irú èyí tó wà nínú ti ẹnì kan lè má sí nínú ti ẹnì kejì. Ó lẹ bébà mọ́ ìgò kọ̀ọ̀kan, ó kọ orúkọ olówó ibẹ̀ sí i. Àwọn ọmọdé ń pè é ní Tíṣà Onídodo. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín.

Ẹni tí kò rẹ́rìn-ín ni bàbá rẹ̀. "Sìrájù, mo ta ọsàn, mo ta ọsàn, ọmọ mi wá ń ṣa ìdọ̀tí ikùn kiri!" Ojú ń tì í débi pé kò dúró pẹ́ ní mọ́ṣáláṣí mọ́. Ojú mi ni Anwar ṣe bẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ kan pé kó jẹ́ kí òun gba tirẹ̀, pé ìgò tí òun kọ orúkọ rẹ̀ sí ló ṣófo. Ṣàmsúdéènì ní, "Tèmi? Ọjọ́ tí mo bá kú, kó o wá mú un." Ó yí ẹ̀yìn padà, ó ń gé ẹ̀ka ọsàn lọ.

Nígbà tó yá, Àbọ̀dé bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo ikùn. Wọ́n fún un ní àgbo, wọ́n fún un ní oògùn inú rírun, ó ń le sí i. Kí wọ́n tó gbé e dé ọ̀dọ̀ dókítà, ọ̀kan nínú ìfun rẹ̀ ti bẹ́ sínú. Ó kú. Dókítà ṣàlàyé títí, ṣùgbọ́n ta ló ń gbọ́? Ikùn ló pa Àbọ̀dé, ìdodo Àbọ̀dé sì wà nínú ìgò Anwar. Àsìkò tí gbogbo ayé ń sọ̀rọ̀ ògùn owó náà nìyẹn. Ẹnu ayé lẹbọ, kì í pẹ́ kó tó jó ilé.

Wọ́n ya bo ilé Ṣàmsúdéènì ní ọ̀sán ọjọ́ Jímọ̀. Wọ́n fọ́ àpótí, wọ́n rí àwọn ìgò. "Orúkọ mi rèé!" "Orúkọ bàbá mi rèé!" Ọ̀kan nínú wọn wá gbé èyí tó ṣófo sókè, ó kígbe pé, "Ẹ wò ó, ó dá ti bàbá tirẹ̀ sí!" Ìyẹn ló bà á jẹ́ tán. Ẹ̀jẹ̀ ti ń ṣàn lójú Anwar, mo sì rí ẹnì kan tó ń yí táyà bọ̀.

Ìgbà náà ni Ṣàmsúdéènì dé láti ìrun. Ó gba igi lọ́wọ́ ẹnì kan, ó fi na ọmọ rẹ̀ lẹ́yìn, ó tún nà án. Ó ní, "Jáde! Ilé tí mo sin ìwọ́ rẹ sí ti lé ọ. N kò fẹ́ rí ẹsẹ̀ rẹ níbí mọ́, àní bí wọ́n bá ní mo kú, má wá!" Ó ń nà án lọ títí dé ojú títì. Àwọn ènìyàn ń yà fún un, nítorí wọn kò lè fọwọ́ kan ẹni tí bàbá rẹ̀ ń fọwọ́ ara rẹ̀ lé. Mọ́tò kan tó ń lọ sí Ìlọrin gbé Anwar, láìsí bàtà lẹ́sẹ̀.

Títí dòní ni mo ń bá òkú ọ̀rẹ́ mi jà lórí ọ̀rọ̀ yìí. Mo mọ̀ pé igi yẹn ló gba ọmọ náà lọ́wọ́ táyà. Ó ṣeun. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ní bí a bá fi ọwọ́ ọ̀tún na ọmọ, à á fi òsì fà á mọ́ra. Ọwọ́ òsì rẹ̀ dà? Ariwo ayé lọ sílẹ̀, àwọn tó fọ́ àpótí lọ́jọ́ yẹn ti ń bá a ra ọsàn, kò ránṣẹ́ pe ọmọ rẹ̀. Mo sọ ọ́ títí. Ó ní, "Sìrájù, jẹ́ n gbọ́ràn." Ìgbéraga ni. Ó ń bẹ̀rù pé kí wọ́n má ní òun náà mọ̀ sí i. Àlàkẹ́ ìyá ọmọ nìkan ló ń yọ́ lọ sí Ìlọrin, níbi tí Anwar ti tún rí iṣẹ́ tíṣà, tí yóò ní ọjà lòun ń ná.

Ẹnu Àlàkẹ́ ni Anwar ti gbọ́ pé àyà ń dun bàbá òun bí ọyẹ́ bá ti dé, tó sì jẹ́ pé ìdájí ló ń lọ sóko. Ó bá fi súwẹ́tà kan rán awakọ̀. Súwẹ́tà tó nípọn, tuntun, òórùn ṣọ́ọ̀bù ṣì wà lára rẹ̀. Pupa ni. Ọmọ tí kò bá bàbá-bàbá rẹ̀ láyé, tí bàbá rẹ̀ kò sì sọ ọ̀rọ̀ pupa fún rí, kí ló mọ̀? Èyí tó móoru jù ló kàn rà.

A jókòó bí mélòó kan sẹ́nu ọ̀nà nígbà tí awakọ̀ gbé e dé. Ṣàmsúdéènì tú u, ó nà án sókè. "Pupa! Ṣé ó fẹ́ kí Ṣàngó máa gùn mí ni? Ẹ sọ fún un pé mi ò fẹ́!" Ó jù ú sí ìdí ewúrẹ́. Àlàkẹ́ lọ mú un, ó gbọn ìgbẹ́ ewúrẹ́ kúrò lára rẹ̀, ó fi pa mọ́ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Nígbà tó máa fi wò ó lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, kò sí níbẹ̀ mọ́. Ó wá bá ìyàwó mi sunkún pé ọkọ òun ti lọ dáná sun ún. Wọ́n sọ bẹ́ẹ̀ fún Anwar náà.

Ọdún kejì, ọyẹ́ mú burúkú burúkú. Ikọ́ dì mọ́ Ṣàmsúdéènì lọ́rùn, ṣùgbọ́n kò yéé lọ sóko. Àlàkẹ́ ránṣẹ́ sí Anwar pé kó wá bẹ bàbá rẹ̀, bó bá tiẹ̀ fẹ́ kó tún nà án. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Ṣàmsúdéènì ti oko dé pẹ̀lú dàńṣíkí funfun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lọ́rùn, ó ń gbọ̀n. Àlàkẹ́ gbé omi gbígbóná sílẹ̀ fún un, ó ní òun kò lè wẹ̀, òtútù ń mú òun. Ó kí ìrun níjòókòó, ó sì sùn. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, kò jí.

A ń pọn omi tí a ó fi wẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ nígbà tí Anwar sọ̀ nínú mọ́tò. Ó ti rù. Ó mú ọ̀rá kan lọ́wọ́, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́ bí ẹni tó ti ń palẹ̀ ọ̀rọ̀ mọ́ láti Ìlọrin. Lẹ́yìn náà ló rí àwọn ènìyàn tó dúró, ló rí pákó. Ọ̀rá bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Súwẹ́tà ló wà nínú rẹ̀, funfun báláú. Ó ti gbọ́ pé bàbá òun kò fẹ́ pupa.

Ọlátúndé, ọmọ àbúrò Ṣàmsúdéènì, dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Bàbá sọ pé kó o má wá, àní bí òun bá kú. Gbogbo wa gbọ́."

Inú bí mi. Mo ní kó yàgò lọ́nà kí n tó fi omi òkú wẹ̀ ẹ́. Mo ní, "Anwar, wọlé. Ọmọ ló ń bu omi fún bàbá rẹ̀."

Anwar kò wọlé. Ó kúnlẹ̀ síbi tó wà. "Bàbá Sìrájù, òótọ́ ni, ó ní kí n má wá. N kò fẹ́ ṣẹ̀ ẹ́ nígbà tí kò lè lé mi mọ́."

Mo wọlé. Ọlátúndé ló ń bu omi. Mo fọ ọwọ́ tó fi ń já ọsàn fún mi láti ìgbà èwe, mo fọ ojú tó máa ń fi wò mí bí òpònú. Mo na ọwọ́ sí abẹ́ aṣọ, mo fi òwú tútù yí inú ìdodo rẹ̀ ká, mo mú ọwọ́ jáde kí n yí òwú náà padà.

Pupa.

Mo rò pé ẹ̀jẹ̀ ni. Mo gbé e súnmọ́ fèrèsé. Òwú ni, ó ṣù bí èso kékeré, ó pupa rẹ́súrẹ́sú lórí òwú funfun tó wà lọ́wọ́ mi. Nínú ilé tí pupa kò gbọdọ̀ wọ̀.

Ọlátúndé ní, "Kí nìyẹn?" Mo ní kó máa bu omi. Mo rántí òfin. Ohun tí o bá rí lára òkú, ibẹ̀ ni kí o fi í sí. Lèmọ́mù tó kọ́ mi ní àbùkù òkú ni a ń bò, pé bí ènìyàn bá rí ohun rere, kó sọ ọ́. Mo wo ojú Ṣàmsúdéènì. Títí ó fi kú ló ń bo nǹkan yìí bí ẹni bo àbùkù. Mo sọ sókè pé, "O ṣìnà, ọ̀rẹ́ mi. Rere ni." Mo fi aṣọ bò ó dáadáa, mo sì jáde.

Anwar ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀. Mo na àtẹ́lẹwọ́ sí i. Òun ló kọ́ mi bí a ṣe ń kà á.

Ó wò ó pẹ́. Ó yíjú sí ìyá rẹ̀. "Màámi, kí ni wọ́n wọ̀ tí wọ́n fi ti oko dé lánàá?"

"Dàńṣíkí funfun."

"Ṣé wọ́n wẹ̀?"

"Wọn ò wẹ̀, ọmọ mi. Òtútù ń mú wọn."

Ohùn rẹ̀ di ti tíṣà fún ìgbà díẹ̀, bí ẹni tó ń di ògiri mú kó má bàa ṣubú. "Bí wọ́n bá wọ dàńṣíkí sí abẹ́ súwẹ́tà náà, funfun ni ìbá jẹ́. Ara wọn ni wọ́n fi kàn án. Àná ni. Àná gan-an." Ó wá fi iwájú orí kan ilẹ̀, ó sunkún débi pé àwọn tó fọ́ àpótí rẹ̀ níjọ́sí kò mọ ibi tí wọn ó gbé ojú sí.

Mo gbé e dìde. Mo ní, "Bàbá rẹ sọ ọ̀rọ̀ méjì. Ó ní kó o má wá bí òun bá kú. Ṣùgbọ́n kó tó sọ ìyẹn, ojú mi ló ti sọ pé ọjọ́ tí òun bá kú, kó o wá mú ti inú ìdodo òun. Èyí tó kọ́kọ́ sọ ni mo gbà. Mú un." Ó mú un, ó dì í sí etí áńkáṣíìfù. Ọlátúndé fi ìkòkò omi sílẹ̀ fún un. Anwar ló bu omi fún mi títí a fi parí, òun ló sì di ẹsẹ̀ bàbá rẹ̀ mú nígbà tí a gbé e sínú sàréè.

Lẹ́yìn ìsìnkú, èmi, òun àti Àlàkẹ́ lọ sí oko. Nínú ahéré, lẹ́yìn ilẹ̀kùn, súwẹ́tà náà wà lórí ìṣó, wọ́n rọra gbé e kọ́. Ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ kan ti ya, Ṣàmsúdéènì sì ti fi òwú dúdú rán an. Ìránṣọ ọkùnrin, wọ́gọwọ̀gọ.

Àlàkẹ́ gbé e mọ́ àyà, ó fi imú kàn án. Ó ní, "Ibí ló ti ń wọ̀ ọ́ láàárọ̀. Ibí náà ló ti ń bọ́ ọ kó tó máa bọ̀ wálé, kí àwọn ènìyàn má bàa rí i." Ó yíjú sí ọ̀nà ilé. "Nínú ọyẹ́ yẹn. Àtibí títí dé ilé. Pẹ̀lú dàńṣíkí."

Ohun tí ìbá gbà á là, ó bọ́ ọ sílẹ̀ nítorí ojú ayé. Mo bínú sí i, mo sì fẹ́ kó jí kí n sọ ọ́ fún un.

Anwar ló ń bá ìyá rẹ̀ mójú tó oko náà báyìí, ní gbogbo ìgbà tí ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ ní Ìlọrin bá gba ìsinmi. Kò sí ẹni tó bẹ̀ ẹ́ nínú àwọn tó fọ́ àpótí rẹ̀ níjọ́sí. Wọ́n kàn ń kí i ni: "Tíṣà, ẹ kú oko o." Ó ń dá wọn lóhùn. Bí ọyẹ́ bá dé, súwẹ́tà pupa ló ń wọ̀, kò sì wọ nǹkan kan sí abẹ́ rẹ̀. Òun ló sọ fún mi pé ní ọdún àkọ́kọ́, bí òun bá fẹ́ wẹ̀ nírọ̀lẹ́, òwú pupa máa ń wà nínú ìdodo òun gẹ́lẹ́ bíi ti bàbá òun, òun á sì jókòó wò ó kí òun tó da omi sára.

Ọyẹ́ tó kọjá yìí, ó wá bá mi ní ahéré mi ní àárọ̀ kan. Kò jókòó. Ó ká súwẹ́tà náà sókè níwájú mi, bí mo ṣe ká bùbá sókè fún un níjọ́ kìíní. Mo tẹ orí wò ó. Aṣọ náà ti fẹ́lẹ́, èèyàn fẹ́rẹ̀ẹ́ lè rí òdìkejì, inú ìdodo rẹ̀ sì mọ́ tónítóní bíi ti ọmọdé.

"Ó ti gbó, Bàbá," ó ní. "Kò fi nǹkan kan sílẹ̀ mọ́."

Mo ní kó bo ikùn rẹ̀, òtútù pọ̀ níta.